Ǹjẹ́ fóònù lè sọ iye èrò tó ń ti Gáà Àkànbí lọ sí Tánkẹ ní òwúrọ̀?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ awakọ̀ kórópe kan ní Ìlọrin ló kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ìpàdé kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn ojú ọ̀nà tí kórópe yóò máa ná. Ó ní ẹnìkan tó wá bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ fi yé wọn pé kò sí ìdí láti tún máa rán àwọn ọ̀dọ́ lọ dúró sí oríta kí wọ́n máa ka ọkọ̀, tàbí kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn ojúlé kiri, nítorí pé fóònù tó wà lápò oníkálukú ti tó láti fi mọ iye ènìyàn tó ń ti àdúgbò kan lọ sí òmíràn. Akọ̀wé fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, bóyá ó lè ṣàkóbá fún iṣẹ́ wọn, àti bóyá àwọn tó ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ́ ohun tí ènìyàn ń sọ lórí fóònù.

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmójútó àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ tán. Àkọsílẹ̀ fóònù mọ ibi tí àwọn ènìyàn ti ń wá àti ibi tí wọ́n ń lọ dáadáa. Kò mọ iye wọn gan-an, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tí wọ́n wọ̀ débẹ̀. Ọ̀rọ̀ iye èrò àti ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n ń wọ̀ ló sì kan ẹ̀yin awakọ̀ jù lọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi fóònù nìkan pín ojú ọ̀nà fún kórópe ní Ìlọrin láìka ọkọ̀ kankan ní títì, èmi kò ní fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí àkọsílẹ̀ náà ti ń wá. Nígbàkígbà tí ẹnìkan bá pe ènìyàn, tàbí tí wọ́n pè é, tàbí tí ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, tàbí tí dátà rẹ̀ bá ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ máa ń kọ ìlà kan sínú kọ̀ǹpútà: nọ́ńbà wo ni, ọjọ́ wo ni, aago mélòó ni, ó pẹ́ tó ìṣẹ́jú mélòó, àti òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wo ló gbé e. Nítorí owó ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́, kí wọ́n lè mọ iye tí wọn yóò yọ nínú káàdì tí oníbàárà rà. Ohun tí ẹnu sọ kò sí nínú ìlà náà rárá, ìyẹn sì ti dáhùn apá kan nínú ìbéèrè yín. Fóònù tó wà ní títàn tún máa ń jíṣẹ́ fún nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lóòrèkóòrè pé òun ṣì wà, bí ẹni tó ni ín kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ yanturu, wọn kì í sì í sábà tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Èyí tó jẹ mọ́ owó yìí ni àwọn olùwádìí sábà máa ń rí gbà.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan ń gbé Gáà Àkànbí, ó sì ń ta oúnjẹ ní Tánkẹ, ní ojú ọ̀nà Yunifásítì. Ní aago 6:12 òwúrọ̀ ó pe ẹni tó máa ń kó ata wá fún un láti Ìpàtà. Òpó kan ní Gáà Àkànbí ló gbé ìpè náà. Ní 7:05 ó ń dúró de ọkọ̀ kejì ní Challenge, WhatsApp rẹ̀ dún, ìlà kejì sì wọlé lórí òpó ibẹ̀. Ní 7:50 oníbàárà kan pè é láti béèrè bóyá àmàlà ti délẹ̀. Ó ti wà ní Tánkẹ nígbà yẹn. Láti ìgbà náà títí di ọ̀sán, ọwọ́ rẹ̀ dí, kò sí ìlà kankan. Ní 8:30 alẹ́, òpó Gáà Àkànbí tún rí i.

Olùwádìí kò mọ orúkọ rẹ̀. Àmì kan tí wọ́n fi pààrọ̀ nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ló wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìlà wọ̀nyí fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò wo òpó tí fóònù náà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ jù lọ, yóò sì pe ibẹ̀ ní ilé. Yóò wo èyí tí ó máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, yóò pe ìyẹn ní ibi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò kó gbogbo irú ìrìn bẹ́ẹ̀ jọ sínú tábìlì ńlá kan, tí àwọn àdúgbò tí èrò ti ń gbéra wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, tí àwọn tí wọ́n ń lọ sí wà lókè, tí iye fóònù sì wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Tábìlì yìí ni gbogbo ètò ìrìnnà ìlú dúró lé. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣe é, láti nǹkan bí ọdún 1950 síwájú ní àwọn ìlú bíi Detroit àti Chicago ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ojúlé-dé-ojúlé ni wọ́n ti ń béèrè ìdáhùn tiwọn. Ìwádìí ojúlé ń gba owó gọbọi, ó ń gba oṣù púpọ̀, ẹni tí a bi sì máa ń gbàgbé ìrìn kúkúrú tí ó rìn lánàá. Fóònù kì í gbàgbé èyí tó bá ti wọ ìwé.

Ẹ padà wo ìdúró obìnrin yẹn ní Challenge. Bí ọ̀dọ́ kan bá jókòó sí ẹ̀bá títì ní Gáà Àkànbí tí ó ń ka kórópe, yóò kọ ọ́ pé èrò kan lọ sí Challenge. Òmíràn tó jókòó sí Tánkẹ yóò kọ ọ́ pé èrò kan wá láti Challenge. Kò sí èyí tó máa mọ̀ nínú àwọn méjèèjì pé ènìyàn kan náà ni, pé owó ọkọ̀ méjì ló san, àti pé Challenge kì í ṣe ibi tó ń lọ rárá. Fóònù mọ̀. Bí irú rẹ̀ bá pọ̀ tó, ó yẹ kí ẹnìkan béèrè bóyá kò ní dára kí ọkọ̀ kan máa ná Gáà Àkànbí sí Tánkẹ tààrà. Kíka ọkọ̀ ní títì kò lè bí irú ìbéèrè yẹn láéláé, nítorí pé ojú ọ̀nà tó wà nílẹ̀ nìkan ni ó ń kà. Fún èmi, ìdí kan ṣoṣo yìí tó láti má ṣe kọ dátà fóònù sílẹ̀.

Àmọ́ kí olùwádìí tó lè mọ èyí tó jẹ́ ìrìn nínú àwọn ìlà náà, ó ní láti ṣe òfin kan. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Dhaka ní Bangladesh, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014, ohun tí wọ́n sọ ni pé bí ìlà méjì tó tẹ̀léra fún fóònù kan bá wà lórí òpó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí àlàfo àárín wọn ju ìṣẹ́jú 10 lọ tí kò sì tó wákàtí kan, ìrìn ni. Ìdí tí wọn kò fi gba èyí tó kéré sí ìṣẹ́jú 10 ni pé fóònù lè fò láti òpó kan sí èkejì kí ó tún fò padà láìjẹ́ pé ẹni tó mú un lọ́wọ́ mira, nígbà tí òpó kan bá kún tàbí tí agbára méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Fífò yìí yóò dá wàhálà sílẹ̀ fún wa ní Ìlọrin ju bí ẹ ti rò lọ. Odò Asà ló la ìlú náà já, ibi tí a sì lè gbà kọjá rẹ̀ kò pọ̀, bíi afárá Amílẹ́gbẹ́. Òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò mọ̀ pé odò wà níbẹ̀. Ẹni tó jókòó sí ìhà kan létí odò lè jẹ́ pé òpó tó wà ní ìhà kejì ló ń gbé ìpè rẹ̀, bí ó bá sì di alẹ́ kí òpó ìhà tirẹ̀ gbà á padà. Kọ̀ǹpútà yóò kọ ọ́ pé ó gba orí afárá kọjá lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí kò tilẹ̀ dìde lórí àga. Bí irú wọn bá tó ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n á ní èrò pọ̀ lórí afárá, wọ́n á sì ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún èrò tí kò sí.

Èkejì tún wà tó jẹ́ pé àwa tí a ń gbé Nàìjíríà la mọ̀ ọ́n jù. Bí kò bá sí iná, tí epo dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń bù sí jẹnẹrétọ̀ òpó kan bá tán, òpó náà yóò kú, gbogbo fóònù abẹ́ rẹ̀ yóò sì wọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn òpó tó yí i ká. Lójú ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, àdúgbò odindi ló ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan náà ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Kò nira láti mú irú rẹ̀ kúrò bí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá fún olùwádìí ní àkọsílẹ̀ àkókò tí òpó kọ̀ọ̀kan kú. Bí wọn kò bá fún un, àfi kí ó máa méfò.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ iye. Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà àfiṣàpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan rí fóònù 4,000 tí ilé wọn wà ní àdúgbò kan, tí a sì gbà pé ènìyàn 30,000 ló ń gbé ibẹ̀. Fóònù kọ̀ọ̀kan dúró fún ènìyàn 7.5 nìyẹn. Bí 300 nínú àwọn fóònù náà bá ń lọ sí Tánkẹ ní òwúrọ̀, a ó ní ènìyàn 2,250 ló ń lọ. Ìṣirò náà mọ́ rekete lórí ìwé, ṣùgbọ́n bí kóńgò bá ti tẹ̀ nínú, gbogbo àpò tí a bá fi wọ̀n ni yóò yàtọ̀ sí òótọ́, nọ́ńbà 7.5 yìí sì ni kóńgò wa. Ibo la ti rí 30,000? Ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà jẹ́ ti ọdún 2006, nígbà tí wọ́n ka 777,667 fún ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn, Ìwọ̀-Oòrùn àti Gúúsù Ìlọrin lápapọ̀. Ilé tí wọ́n ti kọ́ sí Tánkẹ àti Òkè-Odò láti ìgbà yẹn kò lóǹkà, bẹ́ẹ̀ ni Pàkátà àti Ọjà-Ọba kò dàgbà ní ìwọ̀n kan náà. Ẹni tó bá fi ìṣirò kan náà sọ gbogbo àdúgbò di púpọ̀ yóò fi èrò kún ibi tí kò yẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ta ni kò sí nínú fóònù 4,000 náà? Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà lára àwọn tó ń kún inú ọkọ̀ yín jù ní aago méje. Àgbàlagbà tó ń pín fóònù lò pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń lo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mìíràn kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ní káàdì SIM méjì, tó ń fi ọ̀kan pe ènìyàn tó sì ń fi èkejì wo íntánẹ́ẹ̀tì, ìdajì ìrìn rẹ̀ nìkan ni ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan rí. Bí ilé iṣẹ́ méjèèjì bá sì fi dátà sílẹ̀, ẹni kan á di méjì. Ẹni tí kì í pe ènìyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́ yóò dà bí ẹni tí kì í jáde nílé, nígbà tí oníṣòwò tí fóònù rẹ̀ kì í sinmi yóò dà bí ẹni tó ń rìn ju gbogbo ìlú lọ. Àwọn olùwádìí tó mọṣẹ́ máa ń ṣàtúnṣe sí èyí, wọ́n lè mú àwọn fóònù tí ìlà wọn pọ̀ tó nìkan, kí wọ́n sì wá òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, kò sí àtúnṣe kankan tó lè fi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní fóònù sínú tábìlì láìjẹ́ pé ẹnìkan lọ béèrè níbòmíràn.

Àwọn ará Dhaka tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan mọ èyí. Dátà fóònù ènìyàn mílíọ̀nù 2.87 ló wà lọ́wọ́ wọn, fún oṣù kan gbáko, síbẹ̀ wọ́n tún gba iye ọkọ̀ tí wọ́n kà fún ọjọ́ mẹ́ta ní ojú ibi 13 láàárín ìlú. Fóònù ló fún wọn ní bí ìrìn ṣe pín láti àdúgbò sí àdúgbò, ọkọ̀ tí wọ́n kà ló sì jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọn yóò fi sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀ kí ó tó bá ohun tó wà ní títì mu. Ẹ fi ìyẹn dá ẹni tó wá bá yín ṣèpàdé lóhùn: àwọn tí wọ́n ní fóònù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́wọ́ kò sọ pé kí wọ́n má ka ọkọ̀ mọ́.

Ìwádìí Abidjan súnmọ́ tiwa ju ti Dhaka lọ. Ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Orange fi àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ mílíọ̀nù márùn-ún ní Côte d'Ivoire sílẹ̀ fún àwọn olùwádìí, láti oṣù Kejìlá ọdún 2011 sí oṣù Kẹrin ọdún 2012. Àwọn ará IBM, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, lò ó fún ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì ìlú Abidjan, wọ́n sì ṣírò pé bí wọ́n bá ṣàtúnṣe díẹ̀ sí àwọn ojú ọ̀nà náà, àkókò tí èrò ń lò lójú ọ̀nà lè dín ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ náà dára, mo sì gbóríyìn fún un. Ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti rí ìdá mẹ́wàá yẹn, kì í ṣe lójú títì, Abidjan sì ní àwọn ọkọ̀ kéékèèké aládàáni tí wọ́n ń pè ní gbaka, tí wọ́n jọ tiyín, tí wọn kì í tẹ̀ lé ìwé ojú ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Èrò tí kò rí bọ́ọ̀sì kò jókòó sílé, gbaka ló wọ̀. Ẹni tó bá ṣírò bí ẹni pé gbaka kò sí, kò tíì mọ ìlú náà.

Èyí ló mú wa dé orí ohun tí èrò ń wọ̀, ibẹ̀ sì ni fóònù kò ti ní ẹnu ọ̀rọ̀ rárá. Fóònù tó wà lápò ẹni tó ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀, ti ẹni tó há mọ́ inú kórópe, ti ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ Máruwá, gbogbo wọn dọ́gba lójú òpó. Ní ọ̀nà jíjìn, èèyàn lè fi bí ìrìn ṣe yá tó mọ̀yàtọ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òwúrọ̀ Ajé ní Tánkẹ, gbogbo wọn jọ ń rá ni. Ẹni tó bá wí fún yín pé òun ti rí iye èrò kórópe nínú dátà fóònù, ẹ bi í bó ṣe yọ oní-Camry kúrò. Ní tòótọ́, ọ̀nà tó dájú ni kí a dúró ní títì, kí a ka irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a sì wo iye ènìyàn tó wà nínú wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n mú dátà náà ṣe pàtàkì ju bí àwọn àjèjì ti ń rò lọ. Oṣù kan kì í dọ́gba pẹ̀lú òmíràn ní Ìlọrin. Bí ó bá bọ́ sí oṣù Ramadan, wákàtí tí àwọn ènìyàn ń jáde àti èyí tí wọ́n ń wọlé yóò yí padà pátápátá, nítorí sààrì, ìṣínu àti àṣámù. Ọjọ́ Jímọ̀ kò jọ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ní agbègbè Ọjà-Ọba. Bí Yunifásítì Ìlọrin bá sì wà ní ìsinmi, ọ̀nà Tánkẹ yóò dá pátápátá, ẹni tó bá sì fi oṣù yẹn ṣètò yóò sọ pé kórópe ti pọ̀ jù níbẹ̀. Mo lè gba dátà tó ní àléébù òpó, ṣùgbọ́n n kò ní gba èyí tí wọn kò sọ oṣù rẹ̀.

Fún ìrìn tó jìn, ọ̀rọ̀ náà rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Ìlọrin sí Ọ̀fà, tàbí gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán, àṣìṣe òpó kan tàbí méjì kò tó nǹkan lára ọ̀nà tó gùn báyẹn, fóònù yóò sì sọ òótọ́ tó pọ̀ nípa ìpín àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi dátà yìí dán nǹkan wò ní Kwara, ibẹ̀ ni n bá ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àṣírí yín, wọn kò gbọ́ ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé yíyọ orúkọ kúrò ti parí ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí kan yẹ àkọsílẹ̀ fóònù mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ibi mẹ́rin péré, pẹ̀lú wákàtí tí ẹnìkan wà níbẹ̀, ti tó láti yà á sọ́tọ̀ láàárín gbogbo àwọn yòókù fún ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Awakọ̀ kan ṣoṣo tó máa ń jáde láti àdúgbò kan ní aago mẹ́rin ìdájí, gbogbo aládùúgbò ló mọ̀ ọ́n; kò nílò orúkọ nínú tábìlì. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí àwọn ìlà náà má kúrò nínú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, kí ó jẹ́ tábìlì àròpọ̀ nìkan ni yóò jáde, kí wọ́n sì pa ojú tábìlì tí fóònù inú rẹ̀ kéré jù rẹ́. Abala 37 nínú ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà lórí tẹlifóònù, òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 sì tún fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ní ìpàdé pé irú èwo ni àwọn olùwádìí gbà, ìlà àbí tábìlì.

Ohun kan kù tó wà lọ́wọ́ yín tí àwọn onífóònù kò ní. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún ọkọ̀ kí ó tó gbéra ní gáréèjì, ìdí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ni iye kórópe tó jáde, ìyẹn gan-an sì ni ohun tí wọ́n máa ń sanwó fún àwọn ọ̀dọ́ láti lọ kà ní títì. Àléébù rẹ̀ ni pé wákàtí kì í sábà wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iye èrò tó wọ ọkọ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ ní kí ẹni tó ń já a máa kọ aago àti ibi tí ọkọ̀ ń lọ sí ẹ̀yìn ìdí kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ méjì tí Yunifásítì wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kì í sì í ṣe ìgbà ààwẹ̀, kí ẹ kó wọn dání lọ sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi wọ́n wọn nọ́ńbà tí fóònù fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé ojú ọ̀nà.